Ilẹ̀ Mẹ́ta Nínú Yàrá Kan

Bàsíìlì fi owó ránṣẹ́ láti Gàbọ́ọ̀nù,
ó ní kí ilẹ̀ ìyá òun máa dán bí ilẹ̀ báńkì.
Páálí mọ́kànlá gba Pọ̀bẹ́ kọjá lórí ọkọ̀ ẹrù:
pákó tí kì í ṣe pákó,
rọ́bà tí wọ́n ya ojú igi sí lára,
tòun ti kókó, tòun ti ojú ibi tí ẹ̀ka ti ya.

Mo tò wọ́n sí yàrá fún òru méjì
kí wọ́n mọ ooru Kétu kí n tó tẹ́ wọn.
Ìyá Bàsíìlì ń yọjú wò wọ́n
bí ẹni ń wo àlejò tí kò tíì sọ orúkọ.

"Lìádì, ṣé o máa gbẹ́lẹ̀?"
Rárá, Ìyá. Orí èyí tó wà ló máa jókòó sí.
N ò ní fọwọ́ kan simá Bàbá.
"Abẹ́ simá ńkọ́?"
N ò débẹ̀.
Ìgbà náà ló tó gbé àpótí rẹ̀ síta.

N ò bi í léèrè. Ọmọ Kétu ni mí.
Kí simá tó dé, ilẹ̀ pupa ló wà níbẹ̀,
ìgbẹ́ màlúù àti ewé ni wọ́n fi ń pa á,
ìyá ọkọ rẹ̀ sì sùn sí ìhà ìlà oòrùn yàrá náà,
nígbà tí ilé ṣì ni itẹ́ òkú wa.

Mo gbé ìwọ̀n olómi sílẹ̀,
ẹyin afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sá lọ sápá òsì.
Kòtò kékeré méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, lábẹ́ fèrèsé.
"Orúnkún mi nìyẹn," ló wí.
"Ibẹ̀ ni ọlọ wà. Ọgbọ̀n ọdún, ata àti ẹ̀gúsí."

Iṣẹ́ ní kí n dí wọn.
Pákó tí abẹ́ rẹ̀ ṣófo, ẹnu rẹ̀ á yẹ̀ lọ́jọ́ kan.
Mo ti po simá tán.
Kò sọ pé kí n má ṣe é.
Ó kàn di ògiri mú, ó rọra kúnlẹ̀:
orúnkún ọ̀tún bọ́ sí ààyè rẹ̀,
tòsì ti wú, kò wọ̀ ọ́ mọ́.

Mo lọ fi simá náà lẹ ìdí àmù lóde.

Kọ̀. Kọ̀. Pákó ń gbá ara wọn lẹ́nu mú.
Mo fi àyè ìka kan sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri,
ohun tí ooru ń wú, a kì í há a mọ́.

Nírọ̀lẹ́, ilẹ̀kùn kọ̀, kò ṣí:
ilẹ̀ ti ga, òun kò sì kúrú.
Mo tú u, mo fi ayùn gé ẹsẹ̀ rẹ̀.
Ìrókò ni, Bàbá fúnra rẹ̀ ló kàn án.
Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó bu lẹ́búlẹ́bú igi náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀.
"Igi nìyí," ló wí, kò wo ilẹ̀ tuntun.

Lórí fóònù, Bàsíìlì ní, "Ó dán, àbí?"
"Ó dán, ọmọ mi. Mo ń rí ojú mi níbẹ̀."

Bí mo bá ń kọjá lówùúrọ̀, mo máa ń gbọ́ ọ lójú fèrèsé,
pákó kan tó ń ké lẹ́ẹ̀mejì, kẹ̀-ẹ̀, kẹ̀-ẹ̀.
Ojú iṣẹ́ tì mí.
N ò tíì lọ tún un ṣe.