Ọ̀bẹ Inú Àpò Bàbá Mi

Láàárọ̀ ọyẹ́ ni Mọrẹ́nikẹ́ dé láti yunifásítì
pẹ̀lú kúlà búlúù kan tí yìnyín kún inú rẹ̀.
"Àroko-bọ́dún-dé o, Bàbá."
Bàbá mi nawọ́ sí ọsàn méjìdínlógóje,
láti etí odò títí dé ojú ọ̀nà Ìkòyí-Ilé,
bí ẹni ń ka ọmọ han àlejò.

Ìlà kẹta ló kọ́kọ́ yà sí.
Ọdún mẹ́wàá rèé, wọn ò ga ju àgbàdo lọ.
Èèpo ìdí wọn ń bó
bí ọ̀dà ara ilé àtijọ́,
gẹ́lẹ́ níbi tí ọsàn dídùn ti pàdé jàganyìn.
A ti bu ajílẹ̀ sí i. A ti fín oògùn.
Ìyá mi ti gbàdúrà yí wọn po lẹ́ẹ̀mejì.
Ẹnì kan tiẹ̀ ní ká wo ojú ará ilé dáadáa.

"Àìsàn ọ̀hún dà? Fi hàn mí."
"Bàbá, kò ṣe é fi hàn.
Fáírọ́ìdì ni wọ́n ń pè é.
Kòkòrò kọ́. Kò tiẹ̀ tó kòkòrò.
Òrùka ni, tí kò mọ ìka;
okùn tín-ín-rín tó fẹnu kan ìdí ara rẹ̀,
kò láṣọ lọ́rùn, kò ní eyín,
ó kàn wọlé sínú igi,
igi fúnra rẹ̀ ló ń bá a bímọ."

Ló bá fi aláìsàn sílẹ̀, ó kọjú sí Ìyá Àgbà,
ọsàn ẹ̀bá kànga, tí ewé rẹ̀ ń dán bí ẹni fòróró pa á,
tí àwọn alájàpá Wàsò ń tìtorí rẹ̀ jà.
Ara rẹ̀ la ti ń gé ojú tí a ń lọ́ sára gbogbo ìyókù.
Bàbá bú sẹ́rìn-ín:
"Èyí tó rán gbogbo yín níléèwé?"
Mọrẹ́nikẹ́ já ewé méje,
ó gé ẹ̀ka kan, ó fi ìwé ìròyìn tútù wé e.
Ó ní ọsàn kan ń bẹ lọ́dọ̀ àwọn
tí kò mọ bí a ṣe ń pa àṣírí mọ́;
ohun yòówù tí a bá lọ́ mọ́ ọn lára,
ewé rẹ̀ á sọ ọ́.

A dúró.
Ọyẹ́ lọ. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀.
Máńgòrò já ní Ògbómọ̀ṣọ́ títí ewúrẹ́ fi ń kọ̀ ọ́.
Nígbà tí wọ́n pè wá, a bá igi ẹlẹ́rìí nínú ìkòkò,
gbogbo ewé rẹ̀ ká jọ
bí ìkúùkù ọmọ tuntun.

Wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló ń gbé.
Èyí tó ń jẹ ọsàn wa,
àpò bàbá mi ló ń gbé.
Mọrẹ́nikẹ́ rọra ní, "Ẹ jẹ́ n rí ọ̀bẹ yín."
Ọ̀bẹ eléèkù egungun, tó rà ní Jágùn lọ́dún tí wọ́n bí mi,
tó fi ń lọ́ ọsàn kiri láti Ìrẹsàadú dé Orílé-Ìgbọ́n.
"Mo máa ń fi iná yan án. Gbogbo ìgbà."
"Iná kì í pa á, Bàbá."

Lálẹ́, ó bu háípò sínú abọ́ ìyá mi, ó pò ó mọ́mi,
ó tẹ ọ̀bẹ rì.
Ó ní kí n mú bírò.
Oko Àjíbógun, ogún igi.
Oko Gbáṣẹ́gun, márùn-ún; ó kú méjì.
Oko opó Láníhùn, mẹ́fà.
Ó dákẹ́ níbẹ̀.
"Mi ò gba kọ́bọ̀. Mo ní kó máa mú un lọ."
Mò ń kọ ọ́ títí iná fóònù fi kú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò tíì fọwọ́ kan àáké.
Ó rọ háípò sínú ìgò, ó ju ọ̀bẹ sí i,
ó ní kí n gbé ọ̀kadà.
Ilé opó la kọ́kọ́ forí lé.
Ní gbogbo kòtò tí a bọ́ sí,
mo ń gbọ́ ọ̀bẹ tó ń kan ìgò lẹ́yìn mi,
bàbá mi ò sọ nǹkan kan.