Èyí Tó Wà Lósì

"Lábóyè lù mí ní jìbìtì," ni Bàbá wí lórí fóònù.
"Sípíkà márùn-ún ló tà fún mi, ọ̀kan ò sọ̀rọ̀.
Èyí tó wà lósì, lẹ́bàá fèrèsé. Ó yadi."

Mo wọkọ̀ láti Ìlọrin, mo bọ́ sílẹ̀ ní Tákìé,
mo gun ọ̀kadà dé Apákẹ́
pẹ̀lú tẹ́sítà àti wáyà tí mo ká sápò.

Ọgbọ́n tí ọ̀gá mi kọ́ mi kò pọ̀:
má tú nǹkan kan kí o tó mọ ibi tí ìdákẹ́jẹ́ ń gbé.
Pààrọ̀ wáyà ọ̀tún sí tòsì.
Bí ìdákẹ́jẹ́ bá ṣí lọ, ẹ̀rọ ló jẹ̀bi.
Bí ó bá jókòó síbẹ̀, sípíkà ni kí o mú.

Mo pààrọ̀. Bàbá nàka: "Òun náà nìyẹn."
Mo gbé sípíkà ọ̀tún sósì, mo gbé tòsì sọ́tùn-ún.
"Òun náà nìyẹn."
Mo fi eyín bó wáyà, bàbà inú rẹ̀ ń dán yanran,
mo so pupa mọ́ pupa, mo so dúdú mọ́ dúdú,
mo nu eruku ọyẹ́ lẹ́yìn ẹ̀rọ,
mo yí ohùn sókè títí abọ́ fi ń gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù,
tí Màmá fi ké láti ẹ̀yìnkùlé pé ṣé a fẹ́ wólé ni.
"Òun náà nìyẹn. Ó yadi."

Èmi sì ń gbọ́ ọ.
Kedere ni mo ń gbọ́ ọ.

Mo wo Bàbá.
Ogójì ọdún ó lé nídìí ayùn pákó, lójú ọ̀nà Ìkòyí.
Apá òsì rẹ̀ ni ayùn máa ń wà.
Ìrókò, apá, arère:
etí kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ké sí.

"Ẹ dìde díẹ̀, sà."
Mo yí àga rẹ̀ padà, ó kọjú sógiri,
sí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.
Mi ò fọwọ́ kan wáyà kankan.

"Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà... ó ti dákẹ́?
Ṣebí òun ló ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀."

"Tojú fèrèsé ńkọ́, sà?"

"Ó ń sọ̀rọ̀."
Kò wẹ̀yìn.
Ọwọ́ rẹ̀ gòkè lọ síbi etí, ó dúró níbẹ̀ díẹ̀,
bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́
nínú àpò tó mọ̀ pé ó ti ya.

Wọn ò kọ́ wa ní èyí tó kàn ní ṣọ́ọ̀bù.
Mo bá ń ṣe bí ẹni ń fún ìdè kan,
ìdè tó ti le láti Ṣáínà.
Mo gbé àga Bàbá lọ sí igun òsì pátápátá,
kí ọ̀tún rẹ̀ lè kọ gbogbo yàrá.

"Ó ti ń sọ̀rọ̀."
"Ó ti ń sọ̀rọ̀, sà."
"Má sọ fún Lábóyè pé mo pè é ní gbájú-ẹ̀."

Màmá gbé omi wọlé.
Òsì Bàbá ni àpótí rẹ̀ máa ń wà láti ọjọ́ pípẹ́.
Ó wo àga, ó wò mí,
ó gbé àpótí náà, ó gba iwájú wa kọjá lọ sọ́tùn-ún,
kò béèrè nǹkan kan.