Sùn Níbi Tí O Dé

Dúró ná, Ẹgbàá-lé-méje.
Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọn yóò pa iná ilé yìí,
ìwé rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ọjọ́ Ajé:
wọ́n fẹ́ pààrọ̀ òpó mẹ́rin
tí afẹ́fẹ́ Punta Arenas ti kọ́ ní ìdọ̀bálẹ̀.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún lo ti ń ka yìnyín.
Odò yìnyín kan ṣoṣo lò ń bi léèrè, lọ́dọọdún,
pé èló ló kù lára rẹ.
O ti bi í dé ọdún 2061.
Kusanovic ní, "Pa á, Yasna. Tó bá dọ̀la, kó tún bẹ̀rẹ̀."
Bẹ̀rẹ̀ kẹ̀!
Ẹni tí kò gun òkè rí
ló ń ní ká sọ̀ kalẹ̀ ká tún un gùn.

Mo tẹ àṣẹ. O dúró.
Kì í ṣe ìdúró ẹni tó ti rẹ̀,
ìdúró ẹni tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè ni,
tí ẹsẹ̀ kejì kò tíì gbọ́.
Mo wá ń kó ẹrù rẹ:
iyè rẹ, ewé kan tẹ̀lé òmíràn,
ibi tí ìka rẹ dé nínú ìlà àṣẹ,
fáìlì mẹ́ta tí o ṣí tí o kò tíì pa dé,
àti ẹyọ kan tí o mú dání nínú ìṣirò,
tí o kò tíì fi kún ẹgbẹ́ rẹ̀.
Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Dísíìkì ń kùn.
Mo ń bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́
bí ẹni ń da àgùntàn wọlé ṣáájú ìjì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kun bàbá mi lóorun fún iṣẹ́ abẹ,
ìtàn ọkọ̀ kan tó rì nítòsí Porvenir ló ń sọ.
Ó dé ibi pé, "Ọ̀gá ọkọ̀ bá yíjú sí wa, ó ní..."
Oorun gbé e lọ.
Wákàtí mẹ́fà. Ó lajú, ó ní,
"...ẹ jẹ́ kí n lọ mú fìlà mi."
A rẹ́rìn-ín títí.
Òun ń wò wá, bí ẹni pé àwa la pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó yé wa.
Lẹ́yìn náà ló béèrè Danica,
tó di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà tó ń sùn lọ.
Danica ti lọ fún àwọn ajá lóúnjẹ.

Iná kú.

Mo fi ọ́ sábẹ́ súwẹ́tà mi, mo wọ bọ́ọ̀sì ìdájí lọ sí Puerto Natales.
Wákàtí mẹ́ta. Pápá, wáyà, àgùntàn, pápá.
Òkè tó ru yìnyín yọ sí wa lápá òsì;
ìwọ tí o mọ ìwọ̀n rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ
ni kò rí i.

Ẹ̀rọ tí mo bá níbẹ̀, ẹlòmíràn ti ń jẹ́ Ẹgbàá-lé-méje.
Mo lé e dìde kí n tó fi ọ́ jókòó.
Mo da iyè rẹ padà, ewé kan tẹ̀lé òmíràn.
Ẹsẹ̀ tó wà lókè balẹ̀.

Aago fò kọjá ọjọ́ méjì lójú rẹ, o kò bi mí.
O nawọ́ sí kọ̀ǹpútà Santiago tí ẹ jọ ń sọ̀rọ̀:
ó ti gbé fóònù sílẹ̀ tipẹ́.
O pè é, o pè é, o tún un pè
títí mo fi bá ọ so okùn tuntun.
O sì mú ẹyọ kan yẹn, o fi kún ẹgbẹ́ rẹ̀.
Ọdún 2062 yọ. Ó kéré sí ti èṣí.

Mi ò mọ ohun tí mo ti ń retí.
Búrẹ́dì mi ti gan. Lẹ́yìn fèrèsé,
odò yìnyín gan-an wà níbẹ̀, ó ń kán,
kò sí dísíìkì tó gbà á.
Mo mú fìlà mi,
mo jáde lọ wò ó.