Àlàfo

Ẹ má bi mí mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe lókè òkun.
Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn ní Mákun, ní Ṣágámù, títí ahọ́n mi fi gbẹ:
kì í ṣe bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, kì í ṣe tẹníìsì.
Bésìbọ́ọ̀lù ni. Ẹnìkan á jù ú, ẹnìkan á fi igi lù ú,
Múyìwá á sì wà láàrin ilé kejì àti ilé kẹta,
níbi tí kò sí ilé kankan,
ó ń ṣọ́ àlàfo.
Bàbá Òṣífẹ̀sọ̀ bú sẹ́rìn-ín:
“Wọ́n ń sanwó fún un kó máa ṣọ́ òfìfo?”

Ilé obì ló ti kọ́ ọ.
Màmá jókòó sórí àpótí, ó ń ṣa gbànja,
èyí tó dára fún àwọn oníbàárà Sábó;
èyí tí kòkòrò ti lu, á jù ú sẹ́yìn láìwẹ̀yìn,
Múyìwá ọmọ ọdún méje á gbà á kó tó kan ilẹ̀.
Ọwọ́ òsì. Ọwọ́ òsì nígbà gbogbo.
“Ọmọ yìí, o ò lè jẹ́ kí obì sinmi?”
Eruku sìmẹ́ńtì funfun lórí páànù wa,
lórí ewé, lórí ìpéǹpéjú rẹ̀.

Lọ́dún tí Tíṣà Ṣóbándé dé
tòun ti ìbọ̀wọ́ aláwọ mẹ́rin nínú àpò ìrẹsì,
wọ́n rọ yẹ̀pẹ̀ sínú àpò sìmẹ́ńtì, wọ́n pè é ní ilé.
Pápá náà kì í ṣe ilẹ̀ tó ń gbọ́ràn:
òkúta wẹ́wẹ́, gbòǹgbò, ojú ẹsẹ̀ ewúrẹ́.
Bọ́ọ̀lù á máa bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, á sì ta lójijì bí ọta ìbọn.
“Bẹ̀rẹ̀! Ẹni tó bá dúró gọgọrọ ni bọ́ọ̀lù ń rẹ́ jẹ!”
Eyín iwájú kan lọ níbẹ̀.
Màmá wé e mọ́ etí ìró, kò sọ̀rọ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wọ bọ́ọ̀sì òru,
àwọn ìlú kéékèèké tí mi ò lè pe orúkọ wọn,
búrẹ́dì tútù, yàrá tó ń run sìgá,
ìpè orí fóònù ní aago mẹ́ta òru tiwa.
Wọ́n ṣà á. Wọ́n tún un ṣà.
Ẹgbẹ́ kan tà á fún òmíràn, wọ́n fi gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan
àti owó tí kò ra ọkọ̀.
Ó ní, “Àbúrò, mo ti mọ bó ṣe ń rí fún gbànja.”
Ọwọ́ rẹ̀ gbọ́n; igi ni kò gbọ́ tirẹ̀.
Lẹ́ẹ̀kan, fún ọjọ́ mọ́kànlá péré, ó dé òkè pátápátá,
pápá tí iná rẹ̀ ju ti gbogbo Rẹ́mọ lọ.
Ogún bọ́ọ̀lù ni wọ́n lù sí i. Ó gba mọ́kàndínlógún.

Èyí tó kù yẹn
gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá
bí ọmọ tó ń sá fún ìwẹ̀.
Ó ní kò le. Ó ní Màmá ì bá gbà á.
Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an là ń wá a lórí fóònù:
Màmá sùn lórí àpótí obì, kò jí.
Kò bi wá pé aago mélòó ni. A ò sọ fún un.
Tọ̀tún tòsì wa la mọ ìṣirò.

Ó ti dé báyìí. Búlọ́ọ̀kù ló ń tà lọ́nà Ìkẹ́nnẹ́.
Ìka rẹ̀ mẹ́ta wọ́; kì í lè de bọ́tìnì lásìkò ọyẹ́.
Ní Sátidé àwọn ọmọ ń pè é ní Kóòṣì,
ó ń bá wọn bẹ̀rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́.

Lánàá, ọmọ mi Ìbídùn ń ṣa obì lẹ́bàá ògiri,
ó ju ọ̀kan tí kòkòrò ti lu sẹ́yìn.
Mi ò rí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbéra.
Ọwọ́ òsì nìkan ni mo rí.
Ó wo obì náà pẹ́, bí ẹni ń ka lẹ́tà,
ó sì dá a padà sínú agbọ̀n,
sí ọ̀dọ̀ àwọn tó dára.