Ìwé Ẹsẹ̀ Fápohùndà

Lọ́dún tí wọ́n fi páànù kan orí ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Ògòtún,
èmi ni mo ṣe odò.
Mo nà gbalaja sílẹ̀, aṣọ aró lára mi.
Tísà Fápohùndà ní kí n máa mí, kí n má rẹ́rìn-ín:
"Odò tó bá ń rẹ́rìn-ín, ta ni yóò bẹ̀rù rẹ̀?"

Ọmọ ìyá tó ń hun ẹní ni.
Ọ̀pá eéran tí a là wẹ́wẹ́, pupa kan, dúdú kan,
ọ̀kan gorí, ọ̀kan gba abẹ́,
títí ojú ẹní á fi di ìtàn
láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lanu.
Ibẹ̀ ló ti rí i, ó ní. Bí eéran bá lè pìtàn,
kí ló ṣe ẹsẹ̀?

Alẹ́ ọjọ́ náà, àtùpà gáàsì ń hó,
gbogbo ìlú jókòó, wọ́n ń retí orin.
Orin kò wá.
Ọ̀ṣúnyẹmí ọmọ alágbẹ̀dẹ ló ń bọ̀,
ẹní tí a kò tíì hun tán lórí rẹ̀,
ó dé etí mi, etí odò, ó dúró,
ó na ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan, ó fà á padà.
Bàbá Kátíkíìsì dìde:
"Ta ló gba ohùn lẹ́nu àwọn ọmọ yìí?"
Ẹ̀rín sọ. Àwọn kan ti ń fẹsẹ̀ wá bàtà wọn.

Yèyé Ìbíyẹmí, tí kò gbọ́ nǹkan kan láti ọdún olóde,
ló na ọwọ́, tó pariwo bí ẹni tó wà lóko:
"Ọmọ rẹ̀ ló ń wá! Ẹ ò rí i ni? Ọmọ rẹ̀ ti sọdá!"

Ilé pa rọ́rọ́.
Mo gbàgbé láti mí.

Lẹ́yìn ìyẹn ló gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìgbàrà-Odò, sí Ìkọ́gòsì, sí Ẹ̀fọ̀n,
ó ń bi àwọn àgbà: ta ló kọ́kọ́ gbé èjìká báyìí?
Ọdún wo lẹ fi ìyí yìí sílẹ̀? Kí ló dé?
Bàbá kan tí kò lè dìde mọ́
fi ìka méjì jó lórí itan ara rẹ̀;
Tísà ya ìka náà sínú ìwé, ó kọ ọjọ́ sí i.

Fápohùndà: ohùn ló pa dà lóòótọ́,
ó sọ ọ́ di àtẹ́lẹsẹ̀.

Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ikán ti jẹ Ẹ̀fọ̀n tán,
Ìgbàrà-Odò ku díẹ̀.
Orúnkún mi kò gbà kí n tètè bẹ̀rẹ̀ mọ́,
mo jókòó sórí ẹní, mo ń fi ìka tọ àwọn ẹsẹ̀ kékeré náà lẹ́yìn:
ọ̀tún, òsì, dúró, sunkún, dúró.
Mo dé ojú ewé tí obìnrin ti dé etí omi.
Kò ya nǹkan kan síbẹ̀. Gègé pupa ló fi kọ ọ́:
"Odò: ẹ bi Ọmọ́lafẹ́."