Fèrè Ìyá Àfúsá

Olùkọ́ ní ká mú ẹnì kan wá láti ilé,
ká wọn èémí rẹ̀.
Mo mú Ìyá Àfúsá wá láti Òkèlele,
amọ̀ ṣì wà léèékánná wọn.

"Ẹ fà á sínú. Ó yá, ẹ fẹ́ ẹ síta! Ẹ má dúró!"
Wọ́n fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ná abẹ́ ìkòkò.
Wọ́n húkọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín:
"Ṣé fèrè tí mo ń sanwó iléèwé sí nìyí?"

Ìlà náà gòkè díẹ̀, ó tẹ̀, ó sùn.
Ogójì ọdún èéfín ló wà níbẹ̀,
èéfín tó ra ìwé mi,
tó san owó yàrá mi ní Tanke.

Láyé ọjọ́sí, wọ́n á fìka kan ìkòkò, wọ́n á dẹtí:
"Èyí pé. Èyí ti sán nínú."

Ọ̀gá Jímọ̀ bi mí: "Kí lo rí?"
Mo mọ̀ ọ́n lédè ìwé.
Ìyá ń wò mí lẹ́nu
bí mo ṣe ń wò wọ́n nígbà náà,
tí ìka wọn ti kan ìkòkò,
tí wọn ò tíì sọ̀rọ̀.