Ìwé Kan Ṣẹ́kù Lórí Ìlà

Aago méje ààbọ̀, kí máíkírà àkọ́kọ́ tó já èrò sẹ́nu géètì wa l'Ágodi,
mo ti ṣí yàrá tí kò ní fèrèsé,
mo ti kí sáfà káàárọ̀. Ó ń kùn bí ológbò tó yó.
Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́kànlá ló wà lábẹ́ rẹ̀,
èmi náà sì wà lábẹ́ wọn.

Kò sẹ́ni tó ń rántí orúkọ mi nígbà tí ìwé bá ń jáde.
Ọjọ́ tí kò bá jáde, gbogbo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló mọ̀ mí:
"Múnírù! Múnírù! Ó tún ti gbé e mì o!"
Kò gbé nǹkan kan mì.
Òjò ló rọ̀ mọ́jú, bébà fa omi mu bíi búrẹ́dì,
ó lẹ̀ mọ́ra lọ́nà ọ̀fun ẹ̀rọ.
Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo ń fà á díẹ̀díẹ̀
bí ẹni ń yọ eegun ẹja lọ́fun ọmọ.
Nígbà ọyẹ́, eruku ni.
Nígbà òjò, ọ̀rinrin ni.
Nígbà gbogbo, ènìyàn ni.

Ìyáàfin Òjélàdé, ẹ̀ka ìṣirò, tẹ bọ́tìnnì, kò rí ìwé,
ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, ìgbà méjìlá.
Kó tó sọ̀ kalẹ̀ wá bínú sí mi,
ìròyìn olójú-ewé ogójì kan ṣoṣo ti di ẹgbẹ́ ọmọ ogun,
ó dínà mọ́ ọ̀gá àgbà, ó dínà mọ́ mẹ́sẹ́ńjà.
Ìlà ò mọ ọ̀gá. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ní í kọ́kọ́ gbà.
Bí mo bá wá fi ìka kan ti ti ọ̀gá síwájú ńkọ́?
Ẹ má bi mí. Mo lọ́mọ nílé ìwé.

Èmi kì í ka ìwé oníwèé.
Àkọlé rẹ̀ ni mo ń rí, iye ojú ewé, ẹni tó rán an.
Ṣùgbọ́n àkọlé ń sọ̀rọ̀.
"Kúẹ́rì_Tìámíyù", ojú ewé kan:
mo gbọ́ ọ kí Tìámíyù tó gbọ́.
"Ètò_ìsìnkú_Màmá", igba ẹ̀dà, aláwọ̀ mèremère,
aago mẹ́jọ alẹ́, tónà ìjọba.
Mo gbé ìka lé ìparẹ́.
Mo gbé e kúrò.
Ìyá ni ìyá ń jẹ́.

Ọ̀kan wà níbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Ojú ewé méjì. Ládàpọ̀, yàrá kẹrìnlá.
Láti ìgbà tí káàdì ti dé, ìwé kì í jáde
àfi tí ẹni tó ni ín bá fi káàdì kan ẹ̀rọ láyà.
Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló rán "àtúnṣe". Ó rán "àtúnṣe_2".
Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́fà, ó rán "eléyìí_ló_kẹ́yìn".
Iná lọ. Ó ní, "Ó dàárọ̀, Múnírù, màá wá gbà á."
Ilẹ̀ mọ́ bá gbogbo wa l'Óke-Àdó, ní Mọ́kọ́lá, níbi gbogbo,
àfi òun.

Òfin ní kí n pa á rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ méje.
Lójoojúmọ́ ni mo ń fi ọjọ́ kan kún ọjọ́ rẹ̀
nínú ẹ̀rọ, níbi tó ṣeé ṣe.

Lónìí wọ́n ní a ó tún sáfà tò, gbogbo ìlà yóò ṣófo.
Mo fi káàdì ara mi kan ẹ̀rọ.
Ó rò ó díẹ̀, ó mí, ó tẹ̀ ẹ́.
Mo dojú ìwé bolẹ̀ kí n má baà rí i.
Ó gbóná.
Mo dì í mú títí ó fi tutù,
mo fi í sínú àpòòwé, mo kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ sí i.

Ìlà ṣófo. Òdo.
Fún bí ìṣẹ́jú kan.
Lẹ́yìn náà, Òjélàdé: ọ̀kan. Òjélàdé: méjì.
Òjélàdé: mẹ́ta.